Àmì Tí Ó Já Bọ́ Lára Ọkọ̀

Ìwé kíkà kan tí a tẹ̀ fún àwọn ọmọdé etí omi Ìlàjẹ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣe é ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya fọ́ǹtì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyìn yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ náà ọkọ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ ti kúrò lórí lẹ́tà, ó dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí ọkọ̀ ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wá ń ka ọkọ.

Kí ni ó fà á? Unicode ní ọ ní odindi, nítorí pé àwọn ará Vietnam pẹ̀lú ń lò ó. Kò ní ọ̀ ní odindi. Fọ́ǹtì ni ó níláti so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Ayafọ́ǹtì wa fún àmì ní àyè tirẹ̀ bí ẹni pé lẹ́tà ni. Òdo ni ó yẹ kí àyè náà jẹ́, kí ó sì fi ojú ìdè sí orí lẹ́tà àti ìdí àmì, kí wọn lè pàdé.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú pa àmì tì. N kò gbà. Ọkọ̀ tí ó bá ń jò, dídí ni à ń dí i; a kì í tìtorí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rin òkun.