Ìwé Iṣẹ́-Ọwọ́ Gbọ́dọ̀ Sọ Ìdí
Ní 1924 ni LBSC, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Model Engineer bí a ti í ṣe reluwé kékeré tí oru omi ń tì. Èdè rẹ̀ dùn bí ìtàkùrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n adùn nìkan kò tó ìwé iṣẹ́-ọwọ́. Ẹ wo àpótí idẹ tí ọ̀pá ẹsẹ̀ reluwé ń yí nínú rẹ̀: yóò máa gòkè-sọ̀kalẹ̀ lórí sípíríǹgì, kò sì gbọdọ̀ mì síwájú-sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá gun ibi gíga, ọ̀pá a fì. Nítorí náà ni a ṣe ń fá inú etí àpótí díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ó má baà há. Òǹkọ̀wé tí ó ka ìwọ̀n sílẹ̀ láìsọ ìdí, àfarawé ni ó kọ́ni. Òṣùwọ̀n yìí ni kí àwa olùkọ́ fi wọn ìwé.