Kí Ọwọ́ Lè Tó Nọ́ọ̀tì Ọ́ìlì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọ̀kadà, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà, èèyàn kì í sì í sábà rí i. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kadà tí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì rẹ̀ ti há sábẹ́ irin wá, tí mo tún ibẹ̀ ṣe títí sípánà fi ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi á dùn ju ìgbà tí mo tú odidi ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí mo sì tò ó padà lọ.

Nọ́ọ̀tì kékeré tí à ń tú kí ọ́ìlì tó ti gbó lè jáde ni, àmọ́ ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo Honda CG125, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ṣẹ́. Ọ́ìlì tí à ń dà sí i nígbà tí a bá pààrọ̀ rẹ̀ kò pé lítà kan, kò sì ní fílítà oníbébà bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì díẹ̀ yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ lára písítìnnì, òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú jíà, òun náà sì ni kílọ́ọ̀ṣì rì sí. Inú rẹ̀ ni ìdọ̀tí gbogbo wọn ń bọ́ sí. Bí kò bá tètè jáde, ńṣe ni irin á máa jẹ irin.

Àwọn ọlọ́kadà mọ èyí dáadáa. Ibi tí nọ́ọ̀tì wà ló ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ìdí ẹ́ńjìnnì pátápátá ló wà, irin tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé sì tún gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá. Ẹni tó ń gba ọ̀nà olókùúta lọ sóko ní Òkè-Ògùn á tún ní kí wẹ́dà bá òun de gáàdì onírin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà fọ́ ọ. Ọgbọ́n ni, àmọ́ gáàdì á bo nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ á wá di ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ká tó lè pààrọ̀ ọ́ìlì, a ní láti kọ́kọ́ tú gáàdì, ẹrẹ̀ á sì ti gan mọ́ gbogbo nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Ẹni tó ń wá owó òòjọ́ á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ á di oṣù.

Ìdí tí mo fi ń lu ihò sí gáàdì nìyẹn. Mi ò kì í fojú díwọ̀n ibi tí ihò máa wà. Màá fi gírísì tó ki ra orí nọ́ọ̀tì, màá gbé gáàdì padà sí àyè rẹ̀, màá tì í sókè. Ibi tí gírísì bá ti tẹ̀ mọ́ gáàdì ni a ó lu. Gáàdì á ti wà nílẹ̀, jìnnà sí ọ̀kadà, kí iná wẹ́dà tó tàn, torí epo bẹntiróòlù ò mọ ọ̀gá. Ihò náà kì í ṣe róbótó. Bí nọ́ọ̀tì bá ṣe ń bọ́, ọ́ìlì gbígbóná kọ́kọ́ máa ń ta sápá kan ná kó tó máa já wálẹ̀ tààrà. Torí náà ni mo ṣe ń fa ihò gùn sí apá ibi tó ń ta sí, kí sókẹ́ẹ̀tì 17 ráyè wọlé, kí ọ́ìlì má sì tàn kálẹ̀ lórí gáàdì. Lẹ́yìn náà, màá jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ihò ká láti òkè, kí gáàdì má baà di ẹlẹgẹ́. Màá wá fi fáìlì ha á títí kò fi ní ya ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó ku nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ti jẹ tí sípánà ò dì í mú mọ́, ká pààrọ̀ rẹ̀ ló dáa. Àwọn kan máa ń jó irin gígùn mọ́ ọn kí ọwọ́ lè tètè tó o. Èmi kì í gbà bẹ́ẹ̀, torí ohun tó bá yọ sísàlẹ̀ ni òkúta máa gbá, ìdí ẹ́ńjìnnì ló sì máa fọ́. Orí pẹlẹbẹ tí sípánà lè gbá mú dáadáa ti tó. Eyín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Nọ́ọ̀tì ọ́ìlì CG125 nípọn tó mìlímítà 12, eyín kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 1.5. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ nípọn bákan náà, àmọ́ 1.75 ni eyín tirẹ̀. Tí ẹ bá fi tipátipá dè é wọlé, á gé eyín ẹ́ńjìnnì dànù, torí alumíníọ́mù rọ̀ ju irin lọ. Ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ yí i. Bí ìka bá lè yí i dé ìdí, òun gan-an nìyẹn. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i, kẹ́ ẹ fi sípánà dè é níwọ̀n. Bí wáṣà bá ti tẹ̀, ó ti tó.

Oníbàárà tí mo bá lu gáàdì rẹ̀ kì í tún bẹ̀ mí pé kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra wọn nílé, ìyẹn ò sì dùn mí, torí ẹ́ńjìnnì wọn ń pẹ́. Mo gbà pé iṣẹ́ tó dáa gbọ́dọ̀ rọrùn fún ẹni tó máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn wa. Ẹ̀yin wẹ́dà tí ẹ ń ṣe gáàdì, mo bẹ̀ yín: kẹ́ ẹ tó jó irin àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ọ́ìlì máa gbà jáde.