Àlá Ìjọ àti Ìjọ Gan-an

Dietrich Bonhoeffer ló ń darí ilé-ẹ̀kọ́ pásítọ̀ kan ní Finkenwalde, ní Jámánì, kí àwọn ọlọ́pàá Gestapo tó tì í pa ní 1937. Ohun tí ó rí kọ́ níbẹ̀ ló kọ sínú ìwé Gemeinsames Leben, tó jáde ní 1939.

Kókó ìwé náà le: ẹni tó fẹ́ràn àlá rẹ̀ nípa ìjọ ju àwọn ará tí Ọlọ́run fún un lọ ni yóò tú ìjọ náà ká, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ìgbà mélòó ni àwa Pẹ́ńtíkọ́sì ti fi ìbínú kúrò nínú ìjọ kan lọ dá òmíràn sílẹ̀, tí a ní ibi tí kò lábàwọ́n ni a ń wá? Àbàwọ́n náà bá wa dé ibẹ̀, nítorí àwa la gbé e dání.

Síbẹ̀, ìwé náà kù síbì kan. Àwọn ọkùnrin tó ń múra fún iṣẹ́ Olúwa ló wà ní Finkenwalde. Ìjọ tiwa ní opó, ọmọdé, àti ará méjì tí owó àjọ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Sùúrù tí èyí ń fẹ́ ju ohun tí ìwé náà ṣàlàyé lọ.

Orí tó gbẹ̀yìn, lórí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ló bá wa wí jù. A mọ Jákọ́bù 5:16 lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìṣẹ́gun nìkan la fẹ́ gbọ́. Pásítọ̀ tó ṣubú ń dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà di àpẹẹrẹ nínú ìwàásù ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí a fẹ́ fi òróró yàn, ẹ má wá ìjọ tó pé. Ẹ wá arákùnrin kan tí ẹ lè jẹ́wọ́ fún, kí ẹ sì jẹ́ ẹni tó lè pa àṣírí tirẹ̀ mọ́.