Ọwọ́ Tó Ń Kọ̀wé Láti Ẹ̀yìn Bébà

Irinṣẹ́ méjì péré ni. Ọ̀kan jẹ́ pẹlẹbẹ irin tàbí ike alápá méjì, tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ṣeé ṣí, kó sì ṣeé pa dé. Apá òkè kún fún ojú fèrèsé kéékèèké. Lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, apá ìsàlẹ̀ ní kòtò mẹ́fà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Sléètì ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni stáílọ́ọ̀sì, irin ṣóńṣó kúkúrú kan tí wọ́n ki bọ igi tàbí ike olórí roboto, kí orí náà lè jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ní méjèèjì, tó sì rí bébà tó nípọn díẹ̀, lè kọ bíréèlì, ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, níbikíbi. Kò dúró de iná mànàmáná, kò dúró de bátìrì. Ẹ̀yìn káléńdà èṣí pàápàá gbà á.

Mo fẹ́ràn láti máa wo iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ìka tọ etí bébà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó gún. Ó ki bébà sáàárín apá méjì sléètì, ó tì í títí yóò fi kan ìdí, ó wá pa á dé, àwọn ẹ̀gún kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ sì gún bébà mú kó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìkangun ọ̀tún. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, apá òsì ni wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ, nítorí pé ẹ̀yìn bébà ni stáílọ́ọ̀sì ń tẹ̀. Kókó tó bá tẹ̀ wọlé lẹ́yìn ló máa yọ síta níwájú. Ìgbà tí wọ́n bá yí bébà padà ni ìwé náà tó di kíkà láti òsì sí ọ̀tún.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti le gan-an nìyí. Gbogbo lẹ́tà ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ẹ̀yìn. Nínú bíréèlì, lẹ́tà púpọ̀ ló jẹ́ pé bí o bá yí i sódì, lẹ́tà mìíràn ló máa dà. E yóò di i, d yóò di f, h yóò di j, r yóò di w. Ẹni tó bá fẹ́ kọ “rí”, tó gbàgbé pé ẹ̀yìn lòun wà, “wé” ni òǹkàwé yóò bá. Bó bá sì jẹ́ h nìkan ló yí sódì, omi tó ń hó yóò di omi tó ń jó. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà a máa yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà lọ́kàn kó tó tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀ yóò sì ti mú un kó tó kọ ìlà kan tán. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kì í yí nǹkan kan padà. Kò ka ọ̀tún, kò ka òsì. Òpó àkọ́kọ́ àti òpó kejì nìkan ló mọ̀: òpó tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bá ni kókó kìíní, ìkejì àti ìkẹta wà, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Bí ìka bá ń kà, òpó àkọ́kọ́ náà ló máa kọ́kọ́ bá. Mo rò pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi kọ́ni nínú iṣẹ́ yìí, èyí ló dára jù, nítorí ó sọ ohun tó jọ àdìtú di ìrìn kan ṣoṣo.

Ẹ wo ọwọ́ òsì náà. Kì í ṣe pé ó kàn jókòó. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń ti orí ṣóńṣó náà wọlé, ó sì ń fi han ọwọ́ ọ̀tún ibi tí iṣẹ́ dé. Stáílọ́ọ̀sì kì í fò sókè gíga. Ó ń yí lórí ibi tó wà, ó ń wá igun, ó ń tẹ̀, títí a ó fi gbọ́ pọ́, pọ́, pọ́. Bébà a máa dáhùn lábẹ́ ọwọ́: ó kọ́kọ́ yi gírí, lẹ́yìn náà ló gbà. Ọwọ́ tó bá tẹ̀ jù yóò lu bébà já, kókó tó já sì ń ta ìka. Ọwọ́ tó bá fúyẹ́ jù yóò yọ kókó tó máa tẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá kà á nígbà díẹ̀. Ìdọ́gba láàárín méjèèjì ni mo fi ń mọ ọ̀gá. Ẹ fi ìka ra ojú ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: gíga kan náà ni gbogbo kókó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tó máa fi dé ìsàlẹ̀.

Ẹni mélòó nínú wa ló ń wo iṣẹ́ yìí bí iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ló máa dúró, tí wọ́n á mi orí, tí wọ́n á ní “ó mà ṣe o,” tí wọ́n á sì kọjá. Ó ń dùn mí. Àánú náà ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà níwájú wọn. Ta ló ń ṣàánú agbẹ́gilére nítorí pé ó mọ igi í gbẹ́?

Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1809, ló fún wa ní kókó mẹ́fà yìí. Charles Barbier ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó ní kókó méjìlá, ṣùgbọ́n ìka kan kò lè bo méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti máa lọ sókè sódò kó tó mọ ohun tó ń kà. Braille, tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Paris, gé e sí mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí ọ̀nà náà fi gún régé ní 1824, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwèé ní 1829. Ẹni tó ń fi ìka kàwé nìkan ló lè mọ̀ pé mẹ́fà ni orí ìka gbà. Oríṣi 63 ni kókó mẹ́fà lè jókòó sí, ìyẹn ni Yorùbá fi rí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá sì fẹ́ fi àmì ohùn sí i, iṣẹ́ ọwọ́ tún pọ̀ sí i nìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa, Pacelli, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tó wà ní Sùúrùlérè láti 1962, ti kọ́ ìran dé ìran ọmọ ní bíréèlì. Ẹgbẹ́ Nigerwives, ti àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, sì ń tẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní bíréèlì ní Èkó. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ńlá báyìí, fóònù tó ń sọ̀rọ̀ sì ti wọ àpò àwọn ọ̀dọ́. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kì í lẹ̀ mọ́ ara agolo ata gbígbẹ kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti iyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn. Bébà tín-ín-rín kan tí wọ́n tẹ̀ lórí sléètì ló ń ṣe ìyẹn, nílé tí ìyá kò fẹ́ máa bi ọmọ léèrè èwo ni èwo.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àtúnṣe. Ká ní ẹni náà yọ bébà, ó yí i padà, ó ń fi ìka kà á, ó wá rí i pé “ọ̀la” ti di “ọ̀ba”, nítorí kókó kan, ìkẹta, kò sí lára l. Kò ní ya ìwé náà. Yóò dá bébà padà sínú sléètì, yóò jẹ́ kí àwọn kókó tó ti yọ tẹ́lẹ̀ bọ́ sínú kòtò wọn, yóò fi ìka òsì ka fèrèsé láti ìkangun ọ̀tún wá títí yóò fi kan èyí tó ń wá. Yóò bọ́ sí òpó àkọ́kọ́, yóò lọ sí igun ìsàlẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Yóò tún yọ bébà, yóò tún kà á. Ọ̀la ti padà di ọ̀la, kókó tuntun náà sì ga tó àwọn yòókù.