Sàínábù Tó Ń Béèrè Ọjọ́ Orí

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Seinabo tí ẹ rí yẹn, Sàínábù náà ni, orúkọ tó kún agboolé àwọn Mùsùlùmí láti Ìlọrin dé Ìwó, òun náà ni Zainab tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní Sharjah níbi tí mò ń gbé. Ọmọ Sweden ni Seinabo Sey. Stockholm ni wọ́n bí i sí ní 1990, ó dàgbà ní Halmstad, ṣùgbọ́n ọmọ Gambia ni bàbá rẹ̀, Maudo Sey, olórin lòun náà. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé orin ẹ̀rọ àwọn ará apá òkè Yúróòpù tutù bí yìnyín, ẹ yọ ti Sàínábù sẹ́yìn ná.

Orin rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni "Younger", tó gbé jáde ní 2013, tí Magnus Lidehäll bá a ṣe. Ó ti pẹ́ díẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò tíì gbó, pàápàá fún àwa tá a wà ní Dubai àti Sharjah níbí.

Bí ẹni tó ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn ló ṣe bẹ̀rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ wà nínú òkùnkùn, àti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n sòótọ́, ibẹ̀ yẹn ò wú mi lórí. Irú ẹ̀ là ń rí lórí WhatsApp láràárọ̀, pẹ̀lú àwòrán òdòdó. Nígbà tí Ebenezer Obey fẹ́ gbani nímọ̀ràn, ó gbé bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ síwájú wa. A rí wọn lójú ọ̀nà, a sì rí àwọn tó ń bú wọn. Sàínábù ò gbé ẹnikẹ́ni síwájú wa. "Ìwọ" nìkan ló wà níbẹ̀, kò lójú, kò nímú.

Ó wá dé orí ègbè. Ìlù ẹ̀rọ ń lù bí àtẹ́wọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó wúwo, àwọn ohùn mìíràn ń gbè é lẹ́yìn bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi ẹ́ pé, ṣé ò ń kéré sí i ni? Ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó máa yí lórí ara rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti júbà fún un. Ṣé ẹ rí i, àwa Yorùbá, ọjọ́ la máa ń tì í sí lọ́rùn. A ní ọjọ́ ń lọ, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, bí ẹni pé ọjọ́ ló ń rìn, tí àwa jókòó sójú kan là ń wò ó. Gẹ̀ẹ́sì tí obìnrin yìí fi kọrin ò fún wa níbi tá a lè sá sí. Ìwọ gan-an ló ń yí padà.

Ọdún méjì-méjì ni fíísà tiwa. Ọdún méjì péré, ohun tí gbogbo wa sọ nìyẹn, ká tọ́jú owó díẹ̀, ká padà sílé tàbí ká kọjá sí Kánádà. Fíísà á parí, wọ́n á tún un ṣe, a ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹfà mi nìyí. Torí owó ilé ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé Sharjah tá a sì ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Al Ittihad sì ń fúnni láyè gbọ́ orin dáadáa. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti fi etí kan earphone mi fún nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àǹtí, màmá mi ló ń bá wí."

Èmi rò pé ẹni tó ń gbọ́ orin ni "ìwọ" yẹn. Ó ní rárá o, ọjọ́ orí tòun ò ká òun lára. Ìyá òun tí òun ń rí lórí fídíò lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, tí ọrùn rẹ̀ ń tínrín sí i, tó sì ń ní òun wà pa. Mo gbà fún un. "Ìwọ" tí mo ní kò lójú yẹn, àyè ló fi sílẹ̀ fún ojú tí kálukú bá gbé wá, ohun tí bàbá àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Obey ò lè ṣe nìyẹn.

Ní 2014, Sàínábù gbé àkójọ orin kékeré kan jáde tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè, *For Maudo*. N ò ní fi tipátipá so ìyẹn mọ́ "Younger", torí orin náà ti jáde ṣáájú, kò sì dárúkọ bàbá kankan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni remix tí Kygo, ọmọ Norway, ṣe. Òun ni mo máa ń gbọ́ ní etíkun JBR. Ó dùn, mi ò ní purọ́, èèyàn á fẹ́ jó. Àmọ́ ó ti da oyin lé ìbéèrè náà lórí, ó ti di ohun tí wọ́n fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ agboòrùn. Ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ gbọ́ "Hard Time" tẹ̀ lé e, níbi tí kò ti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rárá, tí inú ń bí i gidi. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ nínú ìbínú ju nínú ìmọ̀ràn lọ.