Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ọ̀run òun Ayé nínú Ìwé Ọmọ Ilé-ìwé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ìlú Accra, ní àdúgbò tí àwọn baba wa ń pè ní Lagos Town, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Accra New Town lónìí, mo wọ̀ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Òfin tí ìjọba Ghana gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa kúrò ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n a kò lé gbogbo wọn tán, èdè wa kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí gbé ìwé àkọsílẹ̀ méjì wá síwájú mi. Nínú ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ọ̀run òun ayé. Nínú ti sáyẹ́ǹsì, ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ ayé ti wà láti nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 4.5 sẹ́yìn. Yíǹkì pupa kan náà, ọwọ́ olùkọ́ kan náà, ni ó fi àmì "ó tọ̀nà" sí méjèèjì.

"Bàbá Ìbàdàn," ni ọmọ náà wí, "èwo ni òótọ́ níbẹ̀?"

Ìdáhùn tí ó yá ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu ni pé méjèèjì bára mu. Bí ọmọ bá jẹ́ onígbàgbọ́, a ó ní ọjọ́ ti Ọlọ́run kì í ṣe irú ọjọ́ tiwa. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, a ó tọ́ka sí Súrà kọkànlélógún, níbi tí Kùránì gbé sọ̀rọ̀ ọ̀run òun ilẹ̀ tí ó wà papọ̀ rí kí a tó là wọ́n níyà, a ó sì ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ìbúgbàù Ńlá nìyẹn. Èmi pàápàá ti fi irú ìdáhùn yìí tu ọmọ nínú rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí mo rò pé oyè tí mo gbà ti sọ mí di alárinà láàrin Mósè àti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Ìdáhùn náà dùn, ṣùgbọ́n kò ní láárí. Bí a bá tilẹ̀ ka ọjọ́ kan sí ẹgbẹ̀rún ọdún, ọjọ́ mẹ́fà kò lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún lọ. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, ewéko ti hù ní ọjọ́ kẹta, kí a tó dá oòrùn ní ọjọ́ kẹrin. Ẹni tí ó bá ní kò sí ìyàtọ̀ láàrin ìwé méjèèjì, n kò rò pé ó ka ìkankan nínú wọn dé ìdí.

Ẹni tí ó rí ewu ìdáhùn yìí kedere kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Georges Lemaître, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ni. Ní ọdún 1927 ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbáńlá ayé ń fẹ̀ sí i, kí Edwin Hubble ará Amẹ́ríkà tó gbé èsì ìwọ̀n tirẹ̀ jáde ní 1929. Ní 1931, ó dábàá pé láti inú ohun kan ṣoṣo tí ó há, tí ó sì ki, ni gbogbo ohun tí ó wà ti jáde wá. (Fred Hoyle, tí kò gba àbá náà gbọ́ rárá, ni ó fún un ní orúkọ Ìbúgbàù Ńlá lórí rédíò ní 1949.) Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ fún àwọn onímọ̀ ní Róòmù pé sáyẹ́ǹsì ti ń jẹ́rìí sí ìṣẹ̀dá. Ènìyàn ì bá rò pé inú Lemaître yóò dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Lójú tirẹ̀, àbá òun kò ti ẹ̀sìn lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ta kò ó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, nígbà tí Póòpù tún bá àpéjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sọ̀rọ̀ ní Róòmù, kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Ní àpéjọ yẹn gan-an sì ni Walter Baade ti fi hàn pé jíjìnnà àwọn agbo ìràwọ̀ sí wa tó ìlọ́po méjì iye tí a ti ń lò, tí ọjọ́ orí àgbáńlá ayé sì fi di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rò ó wò bí ì bá ti rí fún ẹni tí ó ti so ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́ iye ti àná.

Ìlànà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìwà tí Ghana gbé jáde fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2019 wù mí ní ọ̀nà kan. Ọlọ́run àti ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Kírísítì àti ti Ìmàle. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ tiwa pẹ̀lú. Nínú ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ nípa Olódùmarè ní 1962, omi àti ẹrẹ̀ ni ayé jẹ́ tẹ́lẹ̀. Olódùmarè fún Òrìṣà-ńlá ní erùpẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín, pẹ̀lú ẹyẹlé àti adìẹ tí ó ní ọmọ-ìka márùn-ún lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ni wọ́n tan erùpẹ̀ náà ká. Lẹ́yìn náà ni a rán agẹmọ kí ó lọ bẹ iṣẹ́ náà wò. Ó padà wá jíṣẹ́ pé ilẹ̀ ti fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó; ìgbà tí ó lọ lẹ́ẹ̀kejì ni ó tó jẹ́rìí sí i. Ẹ má bínú bí èmi alábẹ̀wò ilé-ìwé bá ka agẹmọ mọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ síhìn-ín pé àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà sáyẹ́ǹsì kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, kí n tó pa á rẹ́, nítorí àṣìṣe kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tí ń wá Ìbúgbàù Ńlá nínú Súrà. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun gbogbo rárá: ọ̀run ti wà, omi ti wà, Olódùmarè ti wà. Bí ilẹ̀ ṣe di ibi tí ènìyàn lè gbé ni ó ń sọ, àti ìdí tí Ifẹ̀ fi jẹ́ orírun, àti, ní ẹnu àwọn tí ń sọ ọ́ pẹ̀lú Odùduwà, ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jọba lé ilẹ̀ náà lórí. Bí a bá fi ìwọ̀n ọdún wọ̀n ọ́n, ohun tí ó ń sọ ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹyẹlé wà nínú ìtàn ti sáyẹ́ǹsì náà. Ní 1964, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, Arno Penzias àti Robert Wilson ń gbọ́ ariwo kan nínú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ojú ọ̀run, èyí tí ń ti ìhà gbogbo wá tọ̀sán-tòru. Wọ́n bá ẹyẹlé tí ó tẹ́ ìtẹ́ sínú ẹ̀rọ náà, wọ́n lé e, wọ́n sì gbá ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Ariwo náà kò dá. Ní 1965 ni ó tó yé wọn pé ooru ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí ó ti tutù, tí ó sì kù káàkiri ojú ọ̀run. Iye tí a gbà báyìí fún ọjọ́ orí àgbáńlá ayé ni bílíọ̀nù ọdún 13.8. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n Hubble ní 1929 fún wa ní bíi bílíọ̀nù méjì péré, tí àwọn òkúta inú ilẹ̀ ayé fi dàgbà ju àgbáńlá ayé tí ó bí wọn lọ! Ojú kò ti àwọn onímọ̀ láti sọ pé ìwọ̀n náà kò tọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Lagos Town rí nìyẹn, kò sì jìnnà sí i: ní Kuntunse, lójú ọ̀nà Nsawam, abọ́ irin kan wà tí ó fẹ̀ ní mítà 32. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni a fi ń ṣe rí, kí a tó tún un ṣe, tí a sì ṣí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 fún gbígbọ́ ìgbì rédíò tí ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ wá.

Àwọn kan nínú àwa tí a lọ sí òkè òkun a máa fi irú èyí fọ́nnu pé sáyẹ́ǹsì ti lé Ọlọ́run jáde. Kò sí abọ́ irin tí ó wọn ìdí tí ohunkóhun fi wà. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má sì sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibi tí méjèèjì ti forí gbárí wà. Ní 1650, Bíṣọ́ọ̀bù James Ussher ará Ireland ṣírò láti inú Bíbélì pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kírísítì ni a dá ayé. Ní 1956, Clair Patterson wọn òjé inú àwọn òkúta tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run, nítorí pé yuréníọ̀mù a máa di òjé díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, ó sì rí bílíọ̀nù ọdún 4.55. Ọ̀kan nínú iye méjèèjì yìí kò tọ̀nà, ti Ussher sì ni. Olùkọ́ tí kò bá lè sọ èyí jáde ń kọ́ ọmọ ní ẹnu méjì.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà ní èdè tí ó rọrùn ju èyí lọ. Mo ní bí a bá bi í ní iye ọdún, kí ó sọ ohun tí a wọ̀n àti bí a ṣe wọ̀n ọ́n. Bí a bá bi í ní ohun tí ẹ̀sìn sọ, kí ó kọ ọ́ pé "Àwọn Mùsùlùmí gbà pé", kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun náà gbà.

Ó ronú díẹ̀. "Bí Tíṣà bá wá fi àmì 'kò tọ̀nà' sí i ńkọ́, sà?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ rí olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó gbọ́ mi tán, ó sì mú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ méjèèjì sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ó ní, "Ọ̀gá, irú yín ni ó ní kí a kọ́ wọn ní èyí, kí a sì kọ́ wọn ní èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú ewé tí ó sọ ohun tí a ó ṣe níbi tí wọ́n ti pàdé hàn mí."

Mo jókòó, mo sì wá inú méjèèjì. Kò sí níbẹ̀.