Ọ̀rọ̀ Dídíjú Kì í Ṣe Ìjìnlẹ̀ Ìmọ̀

Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ̀wé nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá: bí gbólóhùn bá ṣe le tó ni a ń ka ẹni tó kọ ọ́ sí ọ̀mọ̀wé tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ mémoire ní Parakou àti ní Abomey-Calavi ti ń jogún rẹ̀.

Ẹ gbé irú gbólóhùn yìí yẹ̀ wò: « la reconfiguration des dynamiques foncières ». Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ìbéèrè yóò yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ta ló gba ilẹ̀? Lọ́wọ́ ta? Gbólóhùn náà kò dáhùn, nítorí ó ti sọ ìṣe di orúkọ, ó sì ti yọ olùṣe kúrò. Lóòótọ́, Yorùbá náà ní « wọ́n » tí a lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wí ní Goro pé « wọ́n gba ilẹ̀ », àwọn àgbà yóò bi í pé: « Àwọn wo? »

Àrùn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1959, C. Wright Mills ní Amẹ́ríkà mú àwọn ìpínrọ̀ gígùn láti inú The Social System, ìwé tí Talcott Parsons tẹ̀ jáde ní 1951, ó sì tún wọn kọ ní èdè tó yéni. Ìpínrọ̀ ńlá di gbólóhùn díẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí alágbẹ̀dẹ ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ka sí nǹkan kan ni a kọ̀.

Paulin Hountondji, ọmọ ilẹ̀ wa tó di olóògbé ní 2024, ṣàlàyé ohun tó pè ní extraversion: ìwádìí ní Áfíríkà kọjú síta, ibí ni a ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, òkèèrè ni a ń kọ ọ́ fún. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni èdè dídíjú ti ń rí ààyè. Ẹni tí kò retí pé àgbẹ̀ tó dá òun lóhùn yóò gbọ́ ohun tí òun kọ, kò bẹ̀rù àtakò rẹ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi mémoire rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sọ ojú ìwé kan nínú rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá lè wí pé « òótọ́ ni » tàbí « irọ́ ni », a jẹ́ pé ìwé náà kò tíì sọ nǹkan kan.